Bí alágbára bá kọ ọjà ẹni, kí ni ìwé àdéhùn ìṣòwò lè ṣe?

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019, Benin àti Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé kan náà ní ìlú Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger. Ìwé àdéhùn ọjà ọ̀fẹ́ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ni, èyí tí àwa tí a ń sọ Faransé ń pè ní ZLECAf, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní AfCFTA. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì péré lẹ́yìn náà, ní 20 oṣù kẹjọ, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ ọjà.

Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́, ní Ìgòló, ní Kraké àti ní ọ̀nà Ìlárá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn ohun tó tẹ̀lé e fún wa. Ọkọ̀ akẹ́rù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tòmátì jẹrà nínú agbọ̀n. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n kò mọ̀ pé ìjọba ń bá ìjọba jà, ó kàn ń rà lọ ni. Ẹni tó gba owó àjọ láti fi kó ọjà ní láti wá owó náà san, ẹnubodè ì báà ṣí, ì báà má ṣí. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Nàìjíríà tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè, kpayó sì di ohun tí ènìyàn ń wá kiri.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń bi ara wọn nígbà náà, ní ọjà àti ní ibùdó ọkọ̀, ni pé ṣé àwọn ìjọba méjèèjì yìí kò fọwọ́ sí ìwé ni. Wọ́n fọwọ́ sí i. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹyọ kan. Láti ọdún 1975 ni Benin àti Nàìjíríà ti jọ wà nínú ECOWAS, tí a ń pè ní CEDEAO lọ́dọ̀ wa. Àwọn méjèèjì sì wà nínú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO: Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní 1995, Benin ní 1996. Ká wá ka ti Niamey mọ́ ọn, ìwé mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣí ojú ọ̀nà Ìgòló.

Ṣé ìwé lásán ni wọ́n, àbí àwa ni a kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a lọ wo orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà sí wa, tó kéré sí Benin gan-an ní iye ènìyàn, tí orílẹ̀-èdè tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po sì kọ ọjà rẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà ni Lituéníà, ní àríwá Yúróòpù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó 3,000,000. Ẹni tó kọ ọjà wọn ni Ṣáínà.

Ìyà irú èyí kì í ṣe àkọ́kọ́ fún Lituéníà, ìdí tí a fi yàn án nìyẹn. Abẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Moscow, ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 11 oṣù kẹta 1990, wọ́n kéde pé àwọn ti gba òmìnira àwọn padà. Ohun tí Moscow kọ́kọ́ fi dá wọn lóhùn kì í ṣe ìbọn. Ọjà ni. Ní oṣù kẹrin, wọ́n dá epo rọ̀bì tó ń lọ sí Lituéníà dúró, wọ́n dín gáàsì kù, wọ́n sì dá oríṣiríṣi ọjà mìíràn mọ́ ọn. Ilé ìfọpo tó wà ní ìlú Mažeikiai kò rí epo fọ̀ mọ́. Ó lé ní oṣù méjì tí èyí fi wà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Lituéníà gbà láti so ìkéde òmìnira náà rọ̀ fúngbà díẹ̀ kí àwọn àti Moscow lè jókòó sọ̀rọ̀, ni wọ́n tó tún ṣí epo sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje.

Nígbà yẹn, Lituéníà kò sí nínú ẹgbẹ́ ìṣòwò kankan. Àwọn ìjọba ńláńlá bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ pé bí wọ́n bá ti lu Lituéníà, àwọn náà ni wọ́n lù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Nígbà tí wọ́n dòmìnira tán, wọ́n ń wá ẹgbẹ́ wọ̀ bí ẹni tí òjò ti pa rí ṣe ń wá ibi yà sí. Ní oṣù karùn-ún 2001, wọ́n wọ WTO. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, Ṣáínà pẹ̀lú wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2004, Lituéníà wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU.

Ìjà pẹ̀lú Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ. Táíwánì jẹ́ erékùṣù kan tó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣáínà ní ara òun ni. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó gba Táíwánì láyè láti ṣí ọ́fíìsì máa ń fi orúkọ olú-ìlú rẹ̀, Taipei, sí ara pátákó, kí wọ́n má baà bí Ṣáínà nínú. Lituéníà gbà kí wọ́n kọ orúkọ Táíwánì gan-an. Ní 18 oṣù kọkànlá 2021, wọ́n ṣí ọ́fíìsì náà ní Vilnius, olú-ìlú wọn. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni. Àwa tí a ń ṣe ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ṣáínà ti pe aṣojú rẹ̀ kúrò ní Vilnius láti oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń kó ọjà láti Lituéníà lọ sí Ṣáínà débi tí wọ́n ti ń kọ ìwé aṣọ́bodè lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ènìyàn ti ń yan orúkọ ìlú tí ẹrù ti wá. Wọ́n wá Lituéníà títí, wọn ò rí i. Ó dà bí ẹni tó lọ gba owó rẹ̀ ní báǹkì tí wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú ìwé àwọn. Orúkọ náà tún yọjú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù kò kúrò ní èbúté. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, Ṣáínà tún dá ẹran màlúù, wàrà àti bíà Lituéníà dúró, wọ́n ní ìwé kan kò pé.

Ìjọba Ṣáínà kò fìgbà kan gbà pé òun ṣe òfin láti kọ ọjà Lituéníà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kò bá fọkàn tán Lituéníà mọ́, ọ̀rọ̀ ti ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ọgbọ́n wà nínú èsì yìí, ó sì yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ọ́n. Òfin WTO, ìjọba ló dè, kò de ẹni tó ń rajà. Bí èmi àti ìwọ bá ní a kò ra ọjà ẹnì kan mọ́ nítorí ohun tí ó ṣe, kò sí àdéhùn ìṣòwò tó lè fi ipá mú wa láti rà á. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ní kí aṣọ́bodè má jẹ́ kí ọjà náà wọlé nítorí orúkọ ìlú tó ti wá, ó ti rú òfin, nítorí òfin ní ohun tí ẹ bá ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ kan ni kí ẹ ṣe fún gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọjà tí kò sì fẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́jọ́, kì í kọ òfin. Á kàn ní ìwé kò pé, tàbí kọ̀ǹpútà bàjẹ́, tàbí pé àwọn oníṣòwò ló kọ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dúró níwájú dùwáànì rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù, ẹrù ọtí rọ́ọ̀mù kan wà lójú omi, ó lé ní 20,000 ìgò, ó ń ti Lituéníà lọ sí Ṣáínà. Ó hàn gbangba pé kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ilé-iṣẹ́ ọtí tó jẹ́ ti ìjọba Táíwánì ra gbogbo rẹ̀. Táíwánì tún ṣèlérí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi dókòwò ní Lituéníà àti ìyáwó tó tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé rọ́ọ̀mù yìí ló gba Lituéníà.

Ohun tó gbà á nìyí. Ọjà tí Lituéníà ń tà fún Ṣáínà tààrà kéré, kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń tà sí òkè òkun lọ. Bí Ṣáínà bá kọ ìyẹn nìkan, yóò dùn wọ́n, kò ní pa wọ́n. Ṣáínà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti orílẹ̀-èdè mìíràn: bí ẹ bá fẹ́ máa tajà lọ́dọ̀ wa, ẹ má fi ohun tí wọ́n ṣe ní Lituéníà sínú ọjà yín. Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá ni àwọn ará Jámánì tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀, nítorí pé wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ní Lituéníà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní EU, ọjà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Wáyà kékeré tí wọ́n ṣe ní Lituéníà á wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n tò ní Jámánì, ẹ̀rọ náà á wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní ibòmíràn. Ó dà bí ẹni tó ní òun kò jẹ ata ọwọ́ obìnrin kan mọ́ ní ọjà, nígbà tó jẹ́ pé ata náà ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo olóńjẹ ọjà. Ìwọ tí o kò fẹ́ ata rẹ̀, o ti ba gbogbo olóńjẹ jà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lábẹ́ òfin EU, orílẹ̀-èdè kan kì í dá ṣe ọ̀rọ̀ ìṣòwò pẹ̀lú ará òde. Gbogbo wọn ló ń fi ẹnu kan sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ ẹjọ́ ẹnì kan tí kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta di ẹjọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ní 27 oṣù kìíní 2022, EU gbé Ṣáínà lọ síwájú WTO. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà, Kánádà, Jàpáánì àti Táíwánì fúnra rẹ̀ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà jókòó síbi ìjíròrò ẹjọ́ náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1990 àti 2022 nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ìbánikẹ́dùn. Nígbà kejì, orúkọ lórí ìwé ẹjọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí pé adájọ́ yóò wá dá Ṣáínà lẹ́bi, ẹ má retí mọ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ adájọ́ ní oṣù kìíní 2023. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, EU ní kí wọ́n so ẹjọ́ náà rọ̀, nígbà tí ó sì di oṣù kìíní 2025, àkókò tí òfin yọ̀ǹda tán, ẹjọ́ náà kú láìsí ìdájọ́. Ẹ̀rí ni ìṣòro tó tóbi jù. Ta ni yóò jáde wá sọ ní gbangba pé èmi ni wọ́n sọ fún lórí fóònù pé kí n má rajà Lituéníà, nígbà tó jẹ́ pé Ṣáínà náà ni ó fẹ́ máa bá tajà? Ká tilẹ̀ ní wọ́n rí ìdájọ́ gbà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn WTO kò ní adájọ́ tó tó láti jókòó láti oṣù kejìlá 2019, nítorí pé Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n yan àwọn tuntun. Ẹni tó bá pàdánù lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sínú òfo.

Síbẹ̀, kí ẹjọ́ náà tó kú, ọ̀pọ̀ ọjà ti ń wọlé padà. EU kò sì káwọ́ lẹ́rán. Ní 27 oṣù kejìlá 2023, òfin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn: bí orílẹ̀-èdè kan láti òde bá fi ọjà fúngun mọ́ ọ̀kan nínú wọn láti yí ìpinnu rẹ̀ padà, gbogbo wọn lè jọ gbẹ̀san. Wọ́n lè fi owó orí kún ọjà onítọ̀hún, wọ́n sì lè má fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ìjọba ṣe.

A kò ní fi Lituéníà ṣe akọni tí kò fara pa. Ní oṣù kìíní 2022, Ààrẹ wọn, Gitanas Nausėda, sọ ní gbangba pé orúkọ tí wọ́n fún ọ́fíìsì náà jẹ́ àṣìṣe. Ìjọba tó wọlé ní ìparí 2024 ní òun fẹ́ kí aṣojú àwọn àti ti Ṣáínà padà sí àyè wọn. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Lójú tiwa, kì í ṣe adájọ́ ló ran Lituéníà lọ́wọ́. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ nà án kò lè nà án láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ba àwọn tí ohùn wọn ròkè. Ìwé àdéhùn ló so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí irú ìsopọ̀ yẹn, ìwé a máa dákẹ́.

Ẹ wo Qatar. Òun pẹ̀lú wà nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá etí òkun tí wọ́n ń pè ní GCC, tí wọ́n jọ ní òfin aṣọ́bodè kan náà. Ní 5 oṣù kẹfà 2017, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, ìyẹn Saudi Arébíà, Emirates àti Bahrain, pẹ̀lú Íjíbítì, pa ọ̀nà mọ́ ọn. Saudi nìkan ni Qatar bá pààlà lórí ilẹ̀. Wàrà tí wọ́n ń mu, ọ̀nà yẹn ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà wọ́n fi bàálù kó màlúù wọ̀lú, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí rí. Ẹgbẹ́ GCC kò rí nǹkan kan ṣe, nítorí àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn ló jẹ́ ìdajì ìgbìmọ̀ ilé. Qatar gbé mẹ́ta nínú wọn lọ sí WTO ní oṣù keje ọdún náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe WTO ló parí ìjà. Àwọn olórí ló jókòó ní ìlú Al-Ula ní Saudi ní 5 oṣù kìíní 2021, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Qatar lówó gáàsì tó fi gbé e. Ta ló ní gáàsì nínú wa?

Ọ̀nà kan tún wà tí àdéhùn ń gbà ṣiṣẹ́, òun sì ni pé agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù kí ènìyàn tó wọlé. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti kọ ọjà Ísírẹ́lì. Nígbà tí Bahrain fẹ́ bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ọjà ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2004 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, Amẹ́ríkà jẹ́ kó mọ̀ pé àdéhùn àti kíkọ ọjà kò lè jọ gbé inú ilé kan. Bahrain pa ti kíkọ ọjà tì. Ní 2015, Amẹ́ríkà tilẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin pé kí àwọn aṣojú rẹ̀ tó bá ń dúnàádúrà lórí ìṣòwò máa gbìyànjú láti dá kíkọ ọjà Ísírẹ́lì dúró. Àwọn kan fara mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni láti kọ ọjà ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì yẹ kí ìwé ìṣòwò bá a dé ibẹ̀. Ìjà náà kò tíì tán. Ohun tó kan oníṣòwò nínú rẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba ìlérí lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó ti wọlé jókòó tán, ó ṣòro láti mú.

Ó wá kan ilé wa. A ti mẹ́nu ba ìwé mẹ́ta tó so Benin àti Nàìjíríà pọ̀. Kí ló dé tí wọn kò ṣe fún wa ní 2019 ohun tí EU ṣe fún Lituéníà?

Ìdí kìíní kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́. Àdéhùn ECOWAS kò sọ pé ohunkóhun tó bá gba Kútọnu kọjá gbọ́dọ̀ wọ Nàìjíríà láìsanwó. Ohun tí a gbìn, ohun tí a sìn, ohun tí a fi ọwọ́ ṣe, àti ọjà ilé-iṣẹ́ tó bá ní ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ló dáàbò bò. Ìrẹsì tó ti Thailand wá, adìẹ inú yìnyín tó ti òkè òkun wá, ọkọ̀ àlòkù tó ti Yúróòpù wá, wọn kò sí níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni Nàìjíríà ń pariwo lé lórí, àwọn náà ló sì ń mú owó wọ àpò ìjọba Benin ní èbúté Kútọnu. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé gbèjà ìrẹsì Thailand, ìwé kò ní gbè é.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò ti ẹnubodè mọ́ ìrẹsì nìkan. Ó tì í mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó Àláàdá, mọ́ tòmátì, mọ́ iṣu, mọ́ ohun tí ìwé dárúkọ pé kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ibẹ̀ ni Benin ti ní ẹjọ́ tó mọ́ lọ́wọ́, kò sì gbé e lọ sí WTO. Ìjíròrò ló yàn. Ní oṣù kọkànlá 2019, àwọn aṣojú Benin, Niger àti Nàìjíríà pàdé ní Àbújá. Àwa kò dá wọn lẹ́bi tán. Ta ni ìbá dúró ti Benin bí Jámánì ṣe dúró ti Lituéníà? Nínú ECOWAS, Nàìjíríà nìkan ló ju gbogbo àwọn yòókù lápapọ̀ lọ ní iye ènìyàn, Àbújá sì ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà. Ìtàn Qatar ni tiwa jọ, kò jọ ti Lituéníà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ata wa kò tíì wọ inú ọbẹ̀ Nàìjíríà tó. Bí ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà tàbí Àgbárá bá ń dúró de ohun kan láti Ìpobẹ́ kí ẹ̀rọ wọn tó lè ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ni ìbá kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn ní Àbújá.

Ní 5 oṣù kejìlá 2020, Nàìjíríà fi ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ sílẹ̀ fún àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 16 oṣù náà, ó kéde pé òun ṣí ẹnubodè mẹ́rin, Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021, ìṣòwò lábẹ́ àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀. A kò lè búra pé ìwé ló ṣí i, nítorí oúnjẹ ti wọ́n ní Nàìjíríà náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pariwo. Ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú kí ènìyàn wọ inú ọjà ọ̀fẹ́ pẹ̀lú àgádágodo lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdí-Ìrókò, tó dojú kọ Ìgòló, kò wà nínú mẹ́rin yẹn. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ṣí i.

Kí a má baà dà bí ẹni tí wọ́n ń ṣẹ̀ nígbà gbogbo: àwa náà ti tilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, ECOWAS fi òfin de ìṣòwò pẹ̀lú wọn, Benin sì ti ẹnubodè Malanville. Nígbà tí ECOWAS tú òfin náà ní oṣù kejì 2024, Niger ló wá kọ̀ tí kò ṣí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, Benin ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n kó epo rọ̀bì Niger sínú ọkọ̀ òkun ní Sẹ̀mẹ̀, títí ìjíròrò fi wáyé. Ní oṣù kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS.

Fún ẹni tó ń kó ẹrù lọ́la, èyí ni ohun tó wà nínú ìwé ECOWAS títí di òní. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, tòmátì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a kò tíì fi ẹ̀rọ ṣe ohunkóhun sí, ẹran ọ̀sìn, àti iṣẹ́ ọwọ́ kò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè béèrè ìwé ìlera irúgbìn tàbí ti ẹran. Oje ọ̀pẹ̀ òyìnbó inú ìgò nílò rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dá a yín dúró, ẹ kọ ọjọ́, ibi, iye agbọ̀n àti ìdí tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé yòówù tí wọ́n bá fún yín. EU pẹ̀lú gbogbo agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ sí WTO, ẹ̀rí ló wọ́n wọn níbẹ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà tó bá ní ìwé irú èyí lọ́wọ́ ní ohun tí yóò gbé síwájú mínísítà, nígbà mìíràn tí àwọn ìjọba bá tún fi tòmátì wọn jà.